Níbo Ni Jẹnẹrétọ̀ Yẹ Kó Dúró?

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kò sí àgbàlagbà ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n. Ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e bí àpò ọjà. TG950 ni àwọn tó ṣe é kọ sí i lára, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìgboro fún un ni “I better pass my neighbour”: mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ. Ó lè gbé fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mélòó kan. Tí ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ lé e, ó kú nìyẹn. Àwàdà ni orúkọ náà, àmọ́ ìtàn wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé iná mànàmáná, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlú tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀rọ̀ ògiri sí ògiri, èmi àti ẹni tó múlé tì mí.

Ohun tí orúkọ náà kò sọ ni pé ewu tó wà nínú pípèsè iná ti bá iná náà wọ ilé. Nígbàkigbà tí ìròyìn bá jáde pé èéfín jẹnẹrétọ̀ pa ìdílé kan mọ́jú, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e ni “àìbìkítà” tàbí “àìmọ̀kan”. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ dúró sí ló ń pani, ibi tó dúró sí yìí sì ní ìtàn.

Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó ní 1896, ìjọba amúnisìn ló gbé ẹ̀rọ tó ń pèsè rẹ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ńlá ló sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ibùdó Ijora, tí wọ́n ń fi èédú Enugu ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èédú yẹn máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Port Harcourt kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá sí Èkó. Ní 1929, ilé iṣẹ́ NESCO bẹ̀rẹ̀ lórí òkè Jos, ó ń fi agbára omi pèsè iná fún àwọn tó ń wa tánńganran. Ká má parọ́ fún ara wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí iná kankan lò nígbà náà. Fìtílà ló wà ní yàrá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹ̀rọ ní ilé tirẹ̀. Ilé náà ní ihò èéfín gíga tó ń tú èéfín sí òkè réré. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí ni kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n máa gbọ́ bó ṣe ń mí, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Ilé ìwòsàn ìjọ tàbí ilé-ìwé tó bá ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ pàápàá máa ń kọ́ ilé kékeré kan fún un ní ẹ̀yìn ọgbà. Kò sí ẹni tó ń sùn nítòsí ẹ̀rọ àfi ẹni tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ọ.

ECN dé ní 1950, àjọ Niger Dams Authority dé ní 1962, omi Kainji sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa níná ní 1968. Ní 1972, wọ́n pa àjọ méjèèjì pọ̀ di NEPA. Àkókò yẹn gan-an ni owó epo rọ̀bì ń ya wọlé. Nígbà tó di 1975, owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, firiji, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù sì rọ́ wọ ilé. Wáyà NEPA kò lè gbé e. Kò pẹ́ tí ìgboro fi fún NEPA ní ìtumọ̀ kejì: Never Expect Power Always, má retí iná nígbà gbogbo. Òpìtàn Ayodeji Olukoju fi gbólóhùn yìí sínú àkọlé àpilẹ̀kọ kan tó kọ ní 2004 lórí ohun tí ojú àwọn oníbàárà NEPA ń rí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni NEPA di PHCN. Ní 2013, ìjọba fa ìpínkiri iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Orúkọ ń yí, òkùnkùn ò yí.

Jẹnẹrétọ̀ alágbèéká ní ìran tirẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí i sí. Ní 1965, Honda ti ilẹ̀ Japan gbé E300 jáde, ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 300. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ lọ pàgọ́ sínú igbó, fún apẹja, fún ẹni tó ń tajà lójú pópó lálẹ́, fún àwọn tó ń kọ́lé níbi tí wáyà kò tíì dé. Ohun kan ni gbogbo wọn fi jọra: atẹ́gùn ń fẹ́ yí wọn ká. Àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà wá wo ẹ̀rọ Yamaha kan tí wọ́n ń pè ní ET950, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ní àwọn ọdún 2000 sì ni èyí tí wọ́n ṣe kún ọjà Alaba ní Èkó, ó kún Onitsha, ó kún Sabon Gari ní Kano. Aránṣọ àti onígbàjámọ̀ lè kó owó rẹ̀ jọ.

Bí ẹ̀rọ tí a ṣe fún pápá ṣe dé ilé tí à ń pè ní face-me-I-face-you nìyẹn. Yàrá mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, àgbàlá tí kò fẹ̀ ju ibi ìsáṣọ lọ. Níbo ni ayálégbé fẹ́ gbé e sí? Tó bá wà níta, olè á gbé e. Ohun tí olówó rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan gbé, ọwọ́ kan náà ni olè á fi gbé e. Tí òjò bá dé, omi á wọ̀ ọ́. Tó bá wà lábẹ́ fèrèsé aládùúgbò, ìjà dé nìyẹn. Nítorí náà, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó wọ bákónì. Àwọn kan fi ṣéènì dè é mọ́ irin fèrèsé yàrá tí wọ́n ń sùn. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ro ewu tó mọ̀, ìyẹn olè, ó sì sá fún un. Ewu kejì ni kò rí, nítorí pé kò ṣeé fojú rí.

Gáàsì tí mò ń wí ni carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí à ń gbọ́ nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ti àwọn nǹkan mìíràn tó bá a jáde, nítorí náà pé a kò gbóòórùn mọ́ kò túmọ̀ sí pé gáàsì ti lọ. Ní àwọn ọdún 1850 ni Claude Bernard, onímọ̀ ará Faransé, ṣàlàyé pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀: ó ń gba àyè ọ́síjìn. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbé ọ́síjìn kiri ara, fẹ́ràn gáàsì yìí ju ọ́síjìn lọ ní nǹkan bí igba ìlọ́po. Ní àwọn ọdún 1890, John Scott Haldane fa gáàsì náà símú fúnra rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe fún ènìyàn, ó sì dábàá pé kí àwọn awakùsà máa gbé ẹranko kékeré wọ inú ihò, nítorí pé ara tirẹ̀ máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju ti ènìyàn lọ. Ibẹ̀ ni ẹyẹ canary ti di ará ihò kùsà ní Britain. Yàrá tiwa kò ní ẹyẹ.

Ohun tó tún burú ní ilẹ̀ wa ni pé àmì rẹ̀ jọ ti ibà. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, ara á máa rẹni. Ta ni kò ní sọ pé ibà ni? Aláìsàn á lo oògùn ibà, á sì padà lọ dùbúlẹ̀ sínú yàrá kan náà. Tí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń yá díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, kì í ṣe ẹ̀fọn ló ṣe é. Kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ òkú, àwọn kan á ní májèlé ni, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Ní oṣù Kìíní 2024, wọ́n bá òkú ènìyàn méje nínú ilé ìkọrin kan ní Yenagoa, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ni wọ́n fura sí. Ẹ ronú sí irú yàrá bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ kí ohùn má baà jáde, ohun tí kì í jẹ́ kí ohùn jáde kì í sábà jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìkàwé àwa aláwọ̀ dúdú ló fà á. Láti 2007 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ alágbèéká tí wọ́n ń tà níbẹ̀, pé ẹni tó bá tan án nínú ilé lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjì Laura jà ní Louisiana ní oṣù Kẹjọ 2020, èéfín jẹnẹrétọ̀ pa ènìyàn ju omi òkun tí ìjì náà rú wọ ìlú lọ. Ìjì tiwọn ń jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tiwa ti ń jà láti ìgbà NEPA. Ní Ghana wọ́n ní orúkọ fún un, dumsor, ìyẹn pa á, tan án. Niamey tọ́ ọ wò ní 2023, nígbà tí Nàìjíríà gé iná tó ń tà fún Niger lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni wọ́n ń dárúkọ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mítà mẹ́fà sí ilé, kí ẹnu sàléńsà sì kọjú síbi tí kò sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, ti aládùúgbò náà ń kọ́. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Ìgbà mìíràn, fèrèsé náà ni gáàsì ń gbà wọlé. Òrùlé ni ẹ̀rọ náà nílò nígbà òjò, kì í ṣe ògiri.

Àwọn àṣà mìíràn wà tí ìtàn yìí kan náà kọ́ wa. Ọ̀wọ́n epo ló kọ́ wa láti máa tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ìdérí kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn kì í sábà dé dáadáa. Bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ wa láti máa bu epo sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí góòlù má baà kọjá lójú wa, nígbà tí ẹ̀kán epo díẹ̀ lórí sàléńsà gbígbóná tó láti jó ilé. Ó yẹ ká pa á, ká jẹ́ kó tutù ná. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni wáyà olórí méjì, tí wọ́n ń ti orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì ń ti orí kejì bọ sókẹ́ẹ̀tì ògiri. Iná á gba ibẹ̀ jáde sí òpó, tíráńsífọ́mà á sọ ọ́ di alágbára, ẹni tó gun òpó láti tún wáyà ṣe kò sì ní mọ̀. Ṣéńjófà ló ń dènà èyí, oníwáyà tó mọṣẹ́ ló sì yẹ kó fi í sí i.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ pàápàá ní ìtàn nínú. Ìwé Honda ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wákàtí 20 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà tàbí ní gbogbo wákàtí 100, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó kọ ọ́ ń ro ẹni tó ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tan án ní wákàtí márùn-ún lálẹ́ ní Aba tàbí Kaduna á ti dé 100 láàárín ogún ọjọ́, oṣù mẹ́fà ìwé náà ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. TG950 kò ní ilé ọ́ìlì ní tirẹ̀. Inú epo ni a ń po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, ìdí sì nìyẹn tí èéfín rẹ̀ fi pọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí asẹ́ atẹ́gùn bá dí, tí kábúrétọ̀ bá dọ̀tí, epo kì í jó tán, carbon monoxide á sì pọ̀ sí i.

Ní oṣù Kẹta 2020, Sẹ́nétọ̀ Bima Enagi láti ìpínlẹ̀ Niger gbé àbá òfin kan lọ sílé aṣòfin àgbà láti fòfin de jẹnẹrétọ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá kó o wọlé tàbí tà á, ọdún kan fún ẹni tó bá lò ó, àfi àwọn bí ilé ìwòsàn àti pápákọ̀ òfurufú. Àbá náà kò rí ẹsẹ̀ rìn, inú mi sì dùn sí i. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ẹni tó rà á, kò wo ilé. Òfin tí ì bá wúlò ni èyí tó máa sọ fún onílé pé, tí o bá fẹ́ fi yàrá mẹ́jọ gba owó, ṣe òrùlé kan sí ìpẹ̀kun ọgbà, rọ kọ́ńkéré sísàlẹ̀ rẹ̀, ri irin mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tí àwọn ayálégbé á máa fi ṣéènì wọn dè mọ́. Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan ni.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ariwo jẹnẹrétọ̀ ti dínkù. Àwọn tó lágbára ti ra sólà. Ẹni tí kò lágbára ń ra lítà kan péré, ó sì ń fi pamọ́ di alẹ́, nígbà tí ooru kò bá jẹ́ kí ọmọ sùn. Ìyẹn ni pé wákàtí tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ ti dínkù, àmọ́ wákàtí tó kù gan-an ni èyí tí gbogbo ilé ń sùn, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa nítorí olè. Láti oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí owó iná Band A di ₦225 fún kílówáàtì wákàtí kan nígbà náà, ìbéèrè tuntun ti dé ẹnu àwọn tó ń wá ilé. Wọ́n á bi ajẹ́ńtì bóyá omi wà, bóyá òpópó ibẹ̀ kì í kún nígbà òjò, bóyá Band A ni. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa dúró sí, n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè.