Anthony Joshua: Láti Finchley dé Wembley

Anthony Olúwafẹ́mi Joshua ti gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó wúwo jù lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti pé ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ jíjà rárá. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1989 ni wọ́n bí i ní Watford, ìlú kan tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣàgámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 11, wọ́n mú un wá sílé, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Inú ọgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n sì ti ń pọnmi tí wọ́n máa fi wẹ̀. Oṣù mélòó kan péré ló lò kó tó padà sí Ìlú Ọba. Bọ́ọ̀lù àti eré sísá ló gbà á lọ́kàn nígbà tó padà dé ọ̀hún. Nígbà tó sì jáde níléèwé, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe.

Ní ọdún 2007, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, Ben Ileyemi, tóun náà ń ja ẹ̀ṣẹ́, mú un lọ sí ẹgbẹ́ Finchley and District ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Sean Murphy ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀ṣẹ́ aláìgbowó ni wọ́n ń jà níbẹ̀, ìlànà rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá sí ti olówó. Abala mẹ́ta péré ni ìjà kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Láyé ìgbà náà, àwọn ajàjà ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń dé ìbòrí tó bo etí àti iwájú orí. Níbi ìdíje ńlá, adájọ́ márùn-ún máa ń tẹ bọ́tìnnì nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀ṣẹ́ tó balẹ̀ dáadáa, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò máàkì. Ẹ̀ṣẹ́ tó gbé ènìyàn ṣubú kò ní máàkì ju èyí tó kàn bà á níwájú orí lọ. Ọwọ́ tó yá àti ẹsẹ̀ tó mọ ibi tó yẹ kó wà ló ń jẹ́ kéèyàn borí, agbára kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan.

Agbára ni Joshua kọ́kọ́ ní. Ní ọdún 2009, ó pàdé Dillian Whyte, ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù. Whyte gbé e ṣubú, ó sì fi máàkì borí rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò gbàgbé ìjà náà. Lọ́dún 2010, Joshua gba ife ABA, ìyẹn ìdíje àgbà fún àwọn aláìgbowó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan fi £50,000 lọ̀ ọ́ pé kó wá máa jà fún owó. Ó ní òun kò ṣe. Fún ẹni tó ti ṣe bíríkìlà jẹun, ìpinnu ńlá nìyẹn. Ikọ̀ orílẹ̀-èdè Ìlú Ọba, tí Robert McCracken ń darí ní Sheffield, gbà á wọlé.

Nàìjíríà pàápàá ì bá ti ní i. Obisia Nwankpa, tó jẹ́ olùkọ́ ikọ̀ ẹ̀ṣẹ́ Nàìjíríà, ṣàlàyé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé Joshua béèrè àyè láti bá Nàìjíríà jà ní Òlíḿpíìkì ọdún 2008, àmọ́ ìgbà tí wọ́n ti yan àwọn tó máa lọ tán ló yọjú. Ẹni tó bá ń bínú lórí ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó rántí pé ọmọ náà kò tíì lo ọdún kan nídìí iṣẹ́ yìí nígbà náà.

Ọdún 2011 ni ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Ọlọ́pàá bá igbó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ikọ̀ sì dá a dúró fúngbà díẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 100 ni wọ́n ní kó ṣe. Nínú oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Mihai Nistor láti Romania dá ìjà dúró mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Ankara. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti parí. Ìdíje àgbáyé ní Baku, nínú oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Níbẹ̀ ló ti na Roberto Cammarelle ọmọ Ítálì, ẹni tó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Beijing, kó tó pàdánù àṣekágbá sọ́wọ́ Magomedrasul Majidov, ọmọ onílé, pẹ̀lú máàkì 22 sí 21. Fàdákà ló gbà níbẹ̀, ìdíje náà ló sì ṣí ilẹ̀kùn Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù fún un.

Ìjà mẹ́rin ló jà ní Òlíḿpíìkì ọdún 2012, kò sì sí èyí tó rọrùn níbẹ̀. Ó fi máàkì kan ṣoṣo, 17 sí 16, borí Erislandy Savón ọmọ Kúbà. Títí dòní làwọn kan ń sọ pé Savón ló yẹ kí wọ́n fún. Ó na Zhang Zhilei ọmọ Ṣáínà 15 sí 11, ó sì na Ivan Dychko ọmọ Kazakhstan 13 sí 11. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ni àṣekágbá. Cammarelle ló tún bá pàdé, ọkùnrin yìí sì ti fi máàkì mẹ́ta ṣíwájú nígbà tí abala kẹta máa bẹ̀rẹ̀. Joshua lé e kiri títí aago fi dún, wọ́n sì jọ wà ní 18 sí 18. Wọ́n wá ka gbogbo bọ́tìnnì tí àwọn adájọ́ tẹ̀: 56 fún Joshua, 53 fún Cammarelle. Àwọn ará Ítálì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọn kò dá wọn láre. Bí wọ́n ṣe fi wúrà sọ́rùn ọmọ Ṣàgámù nìyẹn, nígbà tó ṣì jẹ́ ẹni ọdún 22. Nínú ìjà aláìgbowó 43, mẹ́ta péré ló pàdánù: ti Whyte, ti Nistor àti ti Majidov.

Lọ́dún 2013, ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Eddie Hearn ti iléeṣẹ́ Matchroom. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ló kọ́kọ́ jà fún owó, ní O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù. Emanuele Leo kò rí òpin abala kìn-ín-ní. Nínú ẹ̀ṣẹ́ olówó, kò sí ìbòrí, kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì, ìjà fún àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé sì ń tó abala 12. Ẹni tó bá borí nínú abala kan gba máàkì 10, èkejì gba 9, ẹni tó bá sì ṣubú tún pàdánù sí i. Ìlànà yìí bá agbára Joshua mu ju ti ìṣáájú lọ. Ó na gbogbo 20 tó kọ́kọ́ bá jà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé òpin abala ìkẹyìn. Whyte wà lára wọn: ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Joshua gbẹ̀san ní abala keje, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Ìlú Ọba. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó na Charles Martin ní abala kejì, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé ti IBF. Ìjà olówó rẹ̀ kẹrìndínlógún ni.

Ìjà ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni ìjà tí wọn yóò máa fi rántí rẹ̀. Wladimir Klitschko, ẹni ọdún 41, ti gba wúrà Òlíḿpíìkì láti ọdún 1996, Joshua sì ti bá a ṣe ìdánrawò rí lọ́dún 2014. Nǹkan bí 90,000 èrò ló kún Wembley. Ní abala karùn-ún, Joshua gbé Klitschko ṣubú, ó sì lo gbogbo okun rẹ̀ tán níbi tó ti fẹ́ parí iṣẹ́. Ní abala kẹfà, ọwọ́ ọ̀tún Klitschko bà á, òun náà sì ṣubú fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ṣẹ́ olówó. Joshua kò tíì dé abala kẹjọ rí láyé rẹ̀. Ó rọra ń mí, ó ń fi ọwọ́ òsì lé ọkùnrin náà sẹ́yìn, títí di abala kọkànlá tó ta ẹ̀ṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ gba àgbọ̀n Klitschko. Ìgbà méjì ni Klitschko ṣubú ní abala yẹn kí rẹfirí tó dá a dúró. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Joshua fi bẹ́líìtì WBO tí Joseph Parker ní kún ti IBF àti WBA tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni Andy Ruiz, tí wọ́n fi rọ́pò Jarrell Miller, gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Madison Square Garden. Joshua ló kọ́kọ́ gbé e ṣubú. Ó sáré wọlé láti parí rẹ̀, bó ti ṣe pẹ̀lú Klitschko, ẹ̀ṣẹ́ sì bà á nítòsí etí. Ìgbà mẹ́rin ló ṣubú kó tó parí ní abala keje. Nínú oṣù Kejìlá, nígbà tó tún pàdé Ruiz ní Diriyah ní Saudi Arabia, kò sáré wọlé mọ́. Ó ta jìnnà fún abala 12, ọ̀nà tí wọ́n kọ́ ọ ní Sheffield gan-an, ó sì gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà.

Àmọ́ ọgbọ́n aláìgbowó náà ló tún ṣẹ́gun rẹ̀. Oleksandr Usyk, ọmọ Ukraine, gba wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ tó ṣáájú ti Joshua, ní ìpele tó fúyẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Ó lé ní 300 ìjà tí Usyk ti jà láìgbowó. Ó na Joshua ní Tottenham ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ó sì tún nà án ní Jeddah ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni Joshua jà dáadáa jù nínú méjèèjì, torí adájọ́ kan tilẹ̀ fún un. Ọdún márùn-ún péré ló lò nínú ẹ̀ṣẹ́ aláìgbowó, orí ìtẹ́ ló sì ti kọ́ ìyókù iṣẹ́ náà. Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere lára ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ó borí ìjà mẹ́rin léraléra lẹ́yìn ìyẹn, títí kan ti Francis Ngannou ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, níwájú nǹkan bí 96,000 èrò ní Wembley, Daniel Dubois, tóun náà gba inú ikọ̀ Ìlú Ọba kọjá, nà án lálùbolẹ̀ ní abala karùn-ún. Títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìjà olówó 32 ni Joshua ti jà: ó borí 28, ó pàdánù 4.