Àwọn Tí Ó Yọ̀ǹda Ara Wọn: Ìwádìí Olú ní Boston, 1962

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀sìn àti olú tí ń múni ríran, ìwádìí tí Walter Pahnke ṣe ní Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1962, ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. Ohun tí oògùn náà ṣe ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò jù. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n pè wá lò ó? Kí ni wọ́n sì sọ fún un kí ó tó gbà? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Psilocybin ni èròjà tí ń bẹ nínú olú náà. Albert Hofmann yọ ọ́ jáde ní Siwitsaláńdì ní ọdún 1958, láti ara olú tí àwọn Mazatec ilẹ̀ Mẹ́síkò ń lò fún ìwòsàn. Láàárín àwọn Mazatec, aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ ni ó máa ń tọ adáhunṣe lọ. Ní Boston, olùwádìí ni ó ń wá ènìyàn.

Pahnke jẹ́ dókítà àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Harvard. Àwọn 20 tí ó yọ̀ǹda ara wọn fún un jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni. Kò sí ẹni tí ó ti lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí láàárín wọn. Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí í ṣe ìrántí ikú Jésù, ni wọ́n kó wọn jọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Marsh ní Yunifásítì Boston, tí wọ́n ń gbọ́ ìwàásù Howard Thurman láti òkè. Àwọn 10 gba psilocybin, mílígíráàmù 30. Àwọn 10 yòókù gba nicotinic acid, tí kò ṣe ju kí ó mú awọ ara gbóná. Ète ni pé kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tí òun gbà. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó lo psilocybin ròyìn ìrírí ẹ̀mí tí ó jinlẹ̀. Ẹni tí ó ti ń wá Ọlọ́run, tí wọ́n mú lọ sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ mímọ́, èdè wo ni ì bá tún fi ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí? Èyí kò sọ ìrírí wọn di irọ́, ṣùgbọ́n ó dín ohun tí ìwádìí náà lè sọ nípa ẹlòmíràn kù.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù wà níbòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lo psilocybin jáde lójijì. Ó gbà pé a ti yan òun láti kéde ìròyìn fún aráyé. Wọ́n mú un padà, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ń mú ọkàn rọlẹ̀. Pahnke kò mẹ́nu kan abẹ́rẹ́ yìí nínú àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀. Rick Doblin ni ó tú u síta ní ọdún 1991, lẹ́yìn tí ó ti fọ̀rọ̀ wá 16 nínú àwọn 20 náà lẹ́nu wò. Àwọn 7 tí ó lo psilocybin nínú wọn ṣì ka ọjọ́ náà sí ohun iyebíye, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn rántí ìnira pẹ̀lú. Bí a bá fi irú nǹkan báyìí pamọ́, ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lẹ́yìn náà kò mọ ohun tí òun ń fọwọ́ sí. Ibí yìí ni ẹ̀bi Pahnke wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú ní ọdún 1971 tí kò sì lè wí tẹnu rẹ̀.

Ní ọdún 2006, Roland Griffiths àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins tẹ ìwádìí mìíràn jáde. Ìwé ìkéde ni wọ́n fi pe ènìyàn. Wọn kò san owó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn 36 tí wọ́n yàn tún jẹ́ ẹni tí ń ṣe ẹ̀sìn tàbí ìṣàrò ẹ̀mí déédéé, nítorí náà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọdún 1962. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ pé ẹ̀rù líle ba 11 nínú wọn.