Èdè Ta Ni Wọ́n Máa Sọ Lókè Sánmà?

Kò sí ọdún tí ẹnìkan kì í bi àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá léèrè pé kí la fẹ́ fi èdè ṣe láyé ẹ̀rọ tí a wà yìí. Ó ti sú wa. Ìtàn ọdún 1975 yìí la fi ń dá wọn lóhùn báyìí.

Ọ̀tá paraku ni Amẹ́ríkà àti Sófìẹ̀tì nígbà náà, ohun ìjà átọ́míìkì ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ara wọn. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún 1972, Nixon àti Kosygin fọwọ́ síwèé ní Moscow pé ọkọ̀ Apollo ti Amẹ́ríkà àti Soyuz ti Sófìẹ̀tì yóò pàdé lókè sánmà, wọn yóò so mọ́ra, àwọn tó wà nínú wọn yóò sì yà kí ara wọn.

Iṣẹ́ wá dé. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ méjèèjì kò bára mu. Ọ́síjìn nìkan ló wà nínú Apollo, agbára rẹ̀ sì jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti atẹ́gùn ilẹ̀. Irú èyí tí à ń mí níbí ló wà nínú Soyuz. Ẹni tó bá ti Soyuz bọ́ sínú Apollo lójijì, nitrójìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè hó bíi mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Amẹ́ríkà bá ṣe yàrá kékeré kan sáàárín, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí èèyàn yóò ti dúró kí ara tó mọ́ ọn. Sófìẹ̀tì náà gbà láti dín agbára atẹ́gùn tiwọn kù.

Ibi ìsopọ̀ ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kan ló máa ń ti ọ̀pá bọ inú ihò èkejì. Ta ni yóò gbà kí tòun jẹ́ ihò? (Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti irin nìkan.) Vladimir Syromyatnikov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìhà méjèèjì wá ṣe èyí tí ojú rẹ̀ dọ́gba: èyíkéyìí lè ṣe akọ, èyíkéyìí lè ṣe abo. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan rọ tirẹ̀ nílé. Ojú tí yóò kanra nìkan ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Èdè ló wá kù, ibẹ̀ gan-an la ń lọ. Stafford, Brand àti Slayton ni ti Amẹ́ríkà. Leonov àti Kubasov ni ti Sófìẹ̀tì. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti rí i pé ó sàn kí olúkúlùkù máa sọ èdè ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ará Amẹ́ríkà á sọ Rọ́ṣíà, ará Sófìẹ̀tì á sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń sọ èdè àjèjì kì í sáré sọ̀rọ̀, kì í sì í lo ọ̀rọ̀ tó díjú. Ẹni tó ń gbọ́ sì ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. Leonov máa ń fi Stafford ṣẹ̀fẹ̀ pé Rọ́ṣíà ti ará Oklahoma ló ń sọ.

Ní 17 oṣù keje 1975, Apollo ṣe akọ, wọ́n so mọ́ra, Stafford àti Leonov sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 19 oṣù keje, wọ́n tú u, wọ́n tún un so. Soyuz ló ṣe akọ lọ́tẹ̀ yìí.

Títí di òní, ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ lọ gbé nínú ibùdó àpapọ̀ tó ń yí ayé ká lókè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó kọ́ èdè Rọ́ṣíà.