Ilẹ̀ ẹbí ní agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Ní àwọn abúlé oko tó yí Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹbí ló ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Àlejò lè dá oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo síbẹ̀, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oko Mowe àti Ibafo láti kọ́lé. Bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á, asán ni, bí olùrà tilẹ̀ ti sanwó tán. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 2016 sì ka fífi ipá gba ilẹ̀ sí ọ̀ràn.

Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Irè tó gbìn jẹ́ tirẹ̀, owó rẹ̀ ló sì yẹ kó bèèrè kí katakata tó wọ oko.