Heavy Metal ní Jàpáànù: Ta Ló Ni Orin Yìí?

Lónìí, ọ̀nà wa jìn díẹ̀. Jàpáànù là ń lọ, orin tí a sì fẹ́ tọ ipa rẹ̀ ni heavy metal, ìyẹn orin gìtá oníná tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún, tí àwọn onílù rẹ̀ ń lù bí ẹni tó fẹ́ wó ilé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ: kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ ní sùúrù. Ìbéèrè tó wà nídìí ìtàn yìí, àwa náà ń bá a yí lójoojúmọ́. Bí orin kan bá ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì wá, tí o sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, ìgbà wo ló di tìrẹ? Àti pé tí o bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ọ, ṣé dandan ni kí o yí ahọ́n rẹ padà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 1972. Deep Purple, ẹgbẹ́ olórin kan láti Ìlú Ọba, lọ ṣeré ní Jàpáànù fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ṣeré lálẹ́ méjì ní Osaka, ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 16, wọ́n sì ṣe ẹ̀kẹta ní Tokyo ní ọjọ́ 17, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Budokan. Gbọ̀ngàn yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ìdíje júdò ni wọ́n kọ́ ọ fún nígbà Òlíńpíìkì ọdún 1964. Nígbà tí àwọn Beatles kọrin níbẹ̀ lọ́dún 1966, inú bí àwọn kan gan-an pé ibi ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ibi ariwo. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ariwo tó ju ti Beatles lọ fíìfíì ló wọlé síbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ní Jàpáànù ló ní kí wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀. Àwọn Deep Purple fúnra wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní Jàpáànù nìkan ni kí wọ́n ti tà á, wọ́n sì mú Martin Birch, ẹni tó máa ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀, dání kí iṣẹ́ náà má baà bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ohun tó wà lórí téèpù, ojú wọn là. Kò pẹ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà fi jáde ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Made in Japan. Ẹ rántí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbólóhùn yẹn máa ń dún létí àwọn òyìnbó bí "Ṣáínà ni" ṣe ń dún létí àwa náà lọ́jà: ọjà pọ́ọ́kú, ọjà tí kò ní tọ́jọ́. Lọ́dún 1973, ó gun orí àtẹ rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà dé ipò kẹfà.

Bí ọ̀nà ṣe là nìyẹn. Scorpions láti Jámánì ṣe Tokyo Tapes lọ́dún 1978. Judas Priest gba Unleashed in the East sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1979. Iron Maiden náà gba Maiden Japan sílẹ̀ ní Nagoya lọ́dún 1981. Kí ló ń fà wọ́n lọ síbẹ̀? Àwọn kan á ní owó ni, àwọn kan á ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó dáa ni. Èmi ní tèmi, mo gbà pé àwọn èrò ìwòran ló fà á. Nínú gbọ̀ngàn Jàpáànù ayé ìgbà yẹn, olúkúlùkù ló ní nọ́ńbà ìjókòó tirẹ̀. Bí orin bá parí, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á hó, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ èyí tó kàn. Ọ̀pọ̀ olórin òyìnbó tí ilé ọtí àti ariwo ọ̀mùtí ti mọ́ lára, ẹ̀rù ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn kọ́kọ́ ń bà wọ́n. Wọ́n rò pé eré àwọn ò dùn ni. Wọn ò mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ yẹn ń ka gbogbo ìró gìtá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ń tẹ́tí báyẹn, kò ní pẹ́ kó tó fẹ́ gbé gìtá fúnra rẹ̀. Ìtàn gìtá yẹn gan-an dùn. Ní Nagoya, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Hoshino Gakki, àwọn ló ni orúkọ Ibanez. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ń ṣe gìtá tó jọ ti Gibson bí ìbejì. Gìtá náà dára, owó rẹ̀ sì kéré. Lọ́dún 1977, àwọn tó ni Gibson pe àwọn tó ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ lórí bí orí gìtá náà ṣe rí. Wọ́n parí rẹ̀ láìdé ìdájọ́. Ibanez wá kúrò nídìí àwòkọ, wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Lọ́dún 1987, Steve Vai, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá gìtá ní Amẹ́ríkà, bá wọn ṣe èyí tí wọ́n pè ní JEM. Ìlù Tama tí Lars Ulrich ti Metallica ń lù, ọ̀dọ̀ Hoshino kan náà ló ti wá. Gìtá ESP tí àwọn onígìtá Metallica méjèèjì ń lò, Tokyo ni ilé-iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé irinṣẹ́ ti kọjá ẹ̀sùn àwòkọ kí àwọn èèyàn tó yọwọ́ ẹ̀sùn náà lára olórin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Loudness nìyí, àwọn ni mo tìtorí wọn ṣe ètò yìí.

Akira Takasaki tó ń ta gìtá, àti Munetaka Higuchi tó ń lùlù, ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Lazy. Àwọn tó ń darí Lazy wọ aṣọ oge fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ orin dídùn tí àwọn ọmọbìnrin á fi máa pariwo. Àwọn ọmọ yìí ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kúrò, wọ́n sì dá Loudness sílẹ̀ lọ́dún 1981 pẹ̀lú Minoru Niihara tó ń kọrin àti Masayoshi Yamashita tó ń ta gìtá báàsì. Kí ọdún yẹn tó parí, àwo wọn àkọ́kọ́ ti jáde. Bí ẹ bá gbọ́ bí Takasaki ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì lu okùn gìtá, ẹ ò ní í béèrè ibi tí wọ́n ti bí i.

Lọ́dún 1985, wọ́n gbé Thunder in the East jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Atco. Max Norman, ẹni tó ti bá Ozzy Osbourne ṣiṣẹ́, ló darí ìgbohùnsílẹ̀ náà. Niihara kọ orin ibẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwo náà dé ipò 74 lórí àtẹ Billboard. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ṣí eré fún Mötley Crüe ní Madison Square Garden ní New York. Ẹgbẹ́ metal kankan láti Jàpáànù kò tíì dé irú ibẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbé wọlé. Àwo mìíràn tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà ò ṣí tán. Ibi tí wọ́n wá di ẹ̀bi rù ni ẹnu Niihara. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà nílò akọrin tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó lè gbà wọ́n. Niihara kúrò. Wọ́n gba Mike Vescera, ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe Soldier of Fortune lọ́dún 1989. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ já gaara. Àwo náà ò sì dé ibi tí Niihara ti gbé wọn dé pẹ̀lú ahọ́n ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ rí, tó ń wo ojú ẹni tó ń gbọ́ "r" rẹ̀ bóyá ó yí dáadáa, á mọ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé Niihara ò lè kọrin. Ohùn ọkùnrin yẹn lè la ògiri.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ má rò pé inú ilé dùn. Àwọn olólùfẹ́ metal ní Jàpáànù gan-an ní adájọ́ tiwọn, ìyẹn ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan tó ń jẹ́ Burrn!, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984. Wọ́n máa ń fún àwo orin ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún bíi tíṣà, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì ra nǹkan láì kọ́kọ́ wo máàkì yẹn. Lọ́dún 1985, Seikima-II gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde. Àwọn yìí kun ojú wọn ní funfun àti dúdú, wọ́n ní ẹ̀mí èṣù làwọn, wọ́n ní ọjọ́ orí olórí àwọn ti lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ọdún. Ẹ mọ máàkì tí Burrn! fún wọn? Òdo. Òdo gbangba nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ lọ́dún 1989, àkójọ orin wọn dé ipò kìíní lórí àtẹ Oricon, níbi tí metal kì í sábà dé. Wọ́n tú ká ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1999, bí wọ́n ṣe sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn á ṣe é. Olórí wọn, Demon Kakka, ti jókòó pẹ̀lú ojú kíkùn rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n NHK, tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìjàkadì súmò. Ó mọ súmò náà dáadáa o.

Àwọn X wá yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ láti kékeré ni Yoshiki àti Toshi, ọmọ ìlú Tateyama. Yoshiki dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀, Extasy, wọ́n sì gbé Vanishing Vision jáde níbẹ̀ lọ́dún 1988 láì dúró de ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Irun wọn dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀, àtíkè ojú wọn ju ti ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ, síbẹ̀ eré wọn le bí òkúta. Lọ́dún 1992, wọ́n fi Japan kún orúkọ wọn nítorí pé ẹgbẹ́ X mìíràn ti wà ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1997 ni wọ́n ṣe eré ìdágbére ní Tokyo Dome.

Hide, onígìtá wọn, kú ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún ọdún 1998, ẹni ọdún 33 ni. Nígbà ayé rẹ̀, ó ti bá ọmọbìnrin kan tí àìsàn ṣọ̀wọ́n ń ṣe dọ́rẹ̀ẹ́, olólùfẹ́ orin rẹ̀ ni ọmọ náà, ó sì forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti fi mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ ṣètọrẹ fún aláìsàn. Nígbà ìsìnkú rẹ̀ ní tẹ́ḿpìlì Tsukiji Hongan-ji ní Tokyo, nǹkan bí ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ èèyàn ló tú jáde. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún. Àwọn àgbàlagbà tó ń wo ìròyìn lọ́jọ́ náà ni mo máa ń rò. Orin tí wọ́n rò pé ariwo lásán ni ti di ohun tí àwọn ọmọ wọn ń sunkún sí lójú pópó.

Ní ti àwọn òyìnbó, ọ̀nà ti wá yí padà. Marty Friedman, onígìtá Megadeth tẹ́lẹ̀, kó lọ máa gbé Tokyo lọ́dún 2003. Ó kọ́ èdè náà, ó sì di gbajúgbajà orí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ó ń fi èdè Jàpáànù ṣàwàdà pẹ̀lú àwọn onílé. Ahọ́n tí wọ́n ní kí Niihara yí, ọmọ Amẹ́ríkà ló wá fúnra rẹ̀ yí tirẹ̀.

Babymetal ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé wọn délé. Ọmọbìnrin mẹ́ta, ijó, gìtá gbígbóná lẹ́yìn wọn. Àwọn àgbà metal bínú pé eré ọmọdé ni. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ náà láti ẹnu àwọn méjèèjì, ó sì rán mi létí òdo tí Burrn! fún Seikima-II. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2016, Babymetal ṣeré ní Wembley Arena ní London, àwọn sì ni olórin Jàpáànù àkọ́kọ́ tí eré jẹ́ tiwọn gan-an níbẹ̀. Èdè Jàpáànù ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìlú Ọba ló ń gbìyànjú láti bá wọn gbè é.

Niihara ńkọ́? Wọ́n pè é padà sínú Loudness lọ́dún 2000, òun àti àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Higuchi kú lọ́dún 2008, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á, ẹni ọdún 49 ni. Àwọn tó kù ń bá eré lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá Thunder in the East, ẹ fi ìgbọ́rọ̀ sétí, kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì yẹn.