Ìdàkọ, Àdàkọ, Adàkọ

Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan pe sáfà LDAP ní "ẹ̀rọ ìpèsè iṣẹ́ ìtọ́ka orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn òṣìṣẹ́". Àlàyé lèyí, orúkọ kọ́. Èdè tó bí akọ̀wé, adájọ́ àti apẹja kò tòṣì tó bẹ́ẹ̀.

Tim Howes ti Yunifásítì Michigan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ìlànà LDAP àkọ́kọ́ jáde ní 1993. Òun ni sáfà ímeèlì fi ń béèrè pé: ṣé a mọ ẹni yìí, ibo ni àpótí lẹ́tà rẹ̀ wà, ṣé ọ̀rọ̀ìpamọ́ tó mú wá tọ̀nà? Ìwé orúkọ ló ń yẹ̀ wò, ìwé orúkọ náà ni ká máa pè é. Sáfà, ímeèlì, LDAP fúnra rẹ̀, kí wọ́n wọlé bí tábìlì àti búrẹ́dì ṣe wọlé.

Ìjà wà níbi ìwé orúkọ tó bá wà níbi méjì, tí a kò sì jẹ́ kí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marché Dakar ní Douala, ṣùgbọ́n tí ìwé orúkọ rẹ̀ wà ní Buea nìkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba Kamẹrúùnù ti íntánẹ́ẹ̀tì pa ní ẹkùn Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn fún ọjọ́ 93. Ó kan Buea, kò kan Douala. Íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó jókòó ní Marché Dakar ń ṣiṣẹ́ geere, síbẹ̀ kò ní rí lẹ́tà rẹ̀ ṣí, nítorí kò sí ẹni tí sáfà lè bi léèrè. Bí irú ìwé orúkọ náà bá wà ní Douala, yóò ṣí i.

Kí la ó pe iṣẹ́ fífi ìwé orúkọ kan náà sí ibi méjì yìí? Ẹlòmíràn lè mú ìṣẹ̀dà wá, láti ara ẹ̀dà. N ò fara mọ́ ọn. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ìṣẹ̀dà sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ni kì í fi àmì sí ohun tí a bá tẹ̀ lórí fóònù. Dàkọ ni tèmi. Ẹni tó da ìwé kọ kò ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ohun tí iṣẹ́ yìí sì ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe bímọ: ìdàkọ ni iṣẹ́ náà, àdàkọ ni ìwé orúkọ tó ti ibẹ̀ jáde, adàkọ ni sáfà tó ń ṣe é. Ẹnìkan lè ní Wikipedia Yorùbá ti fi àdàkọ pe ojú ìwé tí wọ́n ń tún lò níbi púpọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìdílé kan náà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn. Ohun tí n ò ní gbà ni kí a pe sáfà kan ní ọ̀gá, ká pe èkejì ní ẹrú. Àwọn tó ń ṣe sáfà OpenLDAP gan-an ti pa irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tì. Orísun àti adàkọ tó.

Ó ku ti ààbò. Àrokò ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn tó fẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, èmi náà sì fẹ́ràn àrokò. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ mẹ́fà tí olólùfẹ́ fi ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ fífà nínú ẹẹ́fà. Èdè gan-an ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ní in lọ́wọ́. Ẹnà, èdè ìkọ̀kọ̀, ló tọ́. Àwọn tó ń sọ ọ́ ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin rẹ̀, wọ́n sì lè yí òfin náà padà lọ́la. Ìyẹn gan-an ni TLS, ìlànà ààbò fún ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀rọ méjì, ń ṣe: ó ń bá ẹni tó wà lódìkejì fẹnu kò lórí kọ́kọ́rọ́ tuntun nígbà gbogbo tí wọ́n bá pàdé. Nítorí náà, fífi ẹnà bo ọ̀rọ̀ ni ìfẹnàbò. Ìdàkọ láàárín Buea àti Douala kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà láìsí ìfẹnàbò, torí ọ̀rọ̀ìpamọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà nínú ẹrù náà. Èyí tí sáfà fi ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni òun, ìwé ẹ̀rí ni, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti mọ̀ láti iléèwé.