Nain-Wan-Wan Wo Ni Kí Dádì Lọ́ńdọ́ọ̀nù Rà?

Bí mo bá pe "nain-wan-wan" létí yín báyìí, mo mọ ohun tó máa sọ sí yín lọ́kàn. Lọ́rì Mercedes onímú kúkúrú ni, èyí tó máa ń kó yanrìn lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, tí èéfín dúdú á máa tú lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń yan ẹja. Ohun tí ìyá bàbá mi náà rò nìyẹn nígbà tí àbúrò bàbá mi pè láti Ìlú Ọba pé òun fẹ́ ra 911. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé yanrìn lo fẹ́ máa kó níbẹ̀ ni?"

Leeds ni Dádì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń gbé o, kì í ṣe Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n nílé tiwa, gbogbo Ìlú Ọba pátá ni Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì ń ṣe jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ wà. Èyí tí wọ́n fẹ́ rà yìí, ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n fẹ́ máa gbé e jáde, bí èèyàn ṣe ń tọ́jú agbádá òde. Porsche 911 ni, ti àwọn ará Jámánì, àlòkù. (Mi ò lè pè é ní tòkúnbọ̀, torí kò la òkun kankan kọjá dé ọ̀dọ̀ wa.) Ìyàwó wọn ti gbà, àmọ́ ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni: bí ẹ́ńjìnì bá kú, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kan owó ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ n'Íbàdàn láti fi tún un ṣe.

Ni wọ́n bá pe èmi tí gbogbo ilé mọ̀ pé mò ń ka ìtàn ní yunifásítì, tí mo sì máa ń ka ìwé mọ́tò ju èyí tí olùkọ́ ní ká kà lọ. Wọ́n ní, "Onímọ̀ ìtàn, 993, 996, 997, èwo ni kí n rà?" Èmi tí mi ò tíì fọwọ́ kan Porsche rí láyé! Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wá inú ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ìbéèrè ìtàn ni lóòótọ́. Ìdáhùn tí mo fún wọn ni mo kọ síbí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Porsche gbé ọkọ̀ yìí jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Frankfurt lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, 901 ni wọ́n pè é. Peugeot gbọ́, wọ́n ní rárá o, ní ilẹ̀ Faransé àwọn làwọn ni orúkọ onínọ́ńbà mẹ́ta tí òdo bá ti wà láàárín rẹ̀. Ẹ rò ó wò: 404, 504, 505. Peugeot tí àwọn bàbá wa gùn yìí kan náà, tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti ọdún 1975, òdo àárín rẹ̀ ló da wàhálà yẹn sílẹ̀. Porsche ò bá wọn fà á. Wọ́n yọ òdo, wọ́n fi ení rọ́pò, ó di 911 ní 1964. Láti ìgbà náà, orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é títí dòní. 993, 996 àti 997 jẹ́ nọ́ńbà inú ilé iṣẹ́ lásán, tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ fi ń dá ìran kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá jù ni ti ìjàpá, Volkswagen kékeré yẹn. Ferdinand Porsche ló ṣe ìjàpá. Ọmọ rẹ̀, Ferry, ló bẹ̀rẹ̀ Porsche 356 ní 1948. Ọmọ Ferry tí wọ́n ń pè ní Butzi ló ya àwòrán 911. Ẹbí kan náà, àṣà kan náà: ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn níbi tí búùtù yẹ kó wà, ẹrù wà níwájú, kò sì sí rédíétọ̀ rárá. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnì lára, epo inú rẹ̀ náà á sì máa gbé díẹ̀ nínú ooru yẹn lọ. Torí pé kò sí omi tó yí i ká láti pa ariwo rẹ̀, ìró rẹ̀ máa ń le, ó máa ń gbẹ, ó máa ń ta kẹ́kẹ́kẹ́.

Bàbá bàbá mi, tíṣà ni wọ́n. Nígbà tí owó Údójì dé ní 1975, ìjàpá ni wọ́n fi rà. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó, lọ́nà Badagry. Inú rẹ̀ ni Dádì Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Wọ́n sọ fún mi pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, 993 kan kọjá lára wọn níbi iná títì, ó sì dà bí ẹni pé bàbá àwọn ló ń wọlé bọ̀ láti ilé ìwé. Ẹ rí i báyìí pé ọkàn wọn ti yan 993 kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n kàn ń wá ẹni tó máa sọ pé ó da ni.

Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ wọn kò lè ra 993 tó dáa, àfi bí wọ́n bá wọ inú owó ilé. Èyí tó máa ń wà ní iye tí wọ́n ní yẹn, ìpẹtà á ti jẹ ẹ́, tàbí kí ó ti la ìjàm̀bá kọjá. Kí ló wá gbé owó rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀? Àfi ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀gá Porsche fúnra wọn ti fẹ́ pa 911 tì. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀gá àgbà wọn, Ernst Fuhrmann, gbà pé ayé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn ti ń lọ sópin. 928 tó jáde ní 1977 ni wọ́n fẹ́ fi jogún rẹ̀, ẹ́ńjìnì níwájú, omi nínú rẹ̀. Peter Schutz ló gba ipò lọ́wọ́ Fuhrmann ní 1981. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ròyìn pé òun rí àtẹ kan lára ògiri ọ́fíìsì, níbi tí ìlà 911 ti dópin sí ọdún yẹn, tí ti àwọn yòókù sì ń bá a lọ. Ó mú bírò, ó fa ìlà 911 náà kọjá àtẹ, ó fà á lọ sára ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni 911 ṣe yè.

Àmọ́ ìlà ara ògiri kò lè san owó oṣù òṣìṣẹ́. Ní 1986, ọkọ̀ tí Porsche tà ní Amẹ́ríkà nìkan lé ní 30,000. Ní 1993, kò tó 4,000. Dọ́là ti já wálẹ̀, ọjà ìpín ìdókòwò ti dojú dé ní 1987, ọkọ̀ wọn sì gbówó lórí láti ṣe torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ń kú lọ ni, ká má fi bò. Wendelin Wiedeking tó di ọ̀gá nígbà náà lọ pe àwọn ará Japan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Toyota rí, pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀. Àwọn ará Japan wọ ilé iṣẹ́, wọ́n rí pẹpẹ ẹrù tó ga ju èèyàn lọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gun àkàbà lọ mú nọ́ọ̀tì lórí rẹ̀. Wọ́n fi ayùn lé Wiedeking lọ́wọ́ pé kó gé pẹpẹ wọ̀nyẹn kù sí àárín. Ó sì gé e, lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ká sọ òótọ́, nínú gbogbo ìtàn yìí, ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Àárín ìyà yẹn ni 993 jáde, ní ìparí 1993. Òun ni 911 ìkẹyìn tí wọ́n fi atẹ́gùn tù. Wọ́n ṣe é dé 1998, iye rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 68,000. Àbígbẹ̀yìn ni, ó rẹwà, kò pọ̀. Ohun tó sọ ọ́ di wúrà nìyẹn.

996 tó tẹ̀lé e, tí ayé rí ní 1997, gba èébú. Wọ́n ti fi omi sí i! Kì í kúkú ṣe ìwà ìkà. Òfin lórí èéfín àti ariwo ń le sí i lọ́dọọdún, wọ́n sì fẹ́ fáàfù mẹ́rin fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn nìkan kò lè tu orí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀. Porsche ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí 959 wọn ti àwọn ọdún 1980 ti ní omi ní orí ẹ́ńjìnì rẹ̀. Láti dín owó kù, wọ́n ṣe 996 àti Boxster pọ̀ bí ìbejì: ilẹ̀kùn kan náà, imú kan náà, iná iwájú kan náà. Iná yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀, torí wọ́n kó gbogbo iná pọ̀ sínú ike kan, ti ìyànà pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn rẹ̀. Àwọn èèyàn ní ó dà bí ẹyin díndín tó fọ́ nínú páànù. Kò burú tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ṣùgbọ́n mo rí ohun tí wọ́n ń wí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní họ́ọ̀lù wa, tó ń ka ẹ̀rọ, ní 996 kì í ṣe 911, pé nígbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, ara àti ojú, kí ló kù? Mo bi í pé egúngún ilé wọn tó pààrọ̀ ẹ̀kú lọ́dún tó kọjá, ṣé egúngún mìíràn ni? Kò dá mi lóhùn, ó ní kí n jẹ́ kí òun jẹun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé 996 tí wọ́n ṣe lé ní 175,000, òun àti Boxster ló sì gbé Porsche dìde. Bí wọn ò bá tà, mi ò rò pé à bá máa sọ̀rọ̀ 997 lónìí.

Wàyí o, ẹ̀rù gidi wà nínú 996, kò sì sí níbi ojú rẹ̀. Ọ̀pá kan wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó ń gba agbára lọ́wọ́ kránkì láti fi yí àwọn kámù. Ìdí ọ̀pá yẹn jókòó lórí bẹ́árìn kékeré kan tí wọ́n dé pa pẹ̀lú gírísì nínú. Bó bá yá, epo ẹ́ńjìnì á wọlé, á fọ gírísì dànù, bẹ́árìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fọ́, ọ̀pá á yẹ̀, fáàfù àti písítìnì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì á di irin àlòpatì. Bẹ́árìn tó kéré ju ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ agolo mílíìkì lọ o! Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ra ti 2001 sí 2005 gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì fi àdéhùn parí rẹ̀ ní 2013.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bákan náà. Turbo àti GT3 ń lo ẹ́ńjìnì mìíràn, ẹbí èyí tó gba Le Mans ní 1998, ìyẹn ò sì ní àrùn yìí. (Owó wọn náà ò sì dúró níbi tí ọwọ́ tó.) Nínú àwọn Carrera lásán, ọ̀pọ̀ nínú ti ìbẹ̀rẹ̀, títí di nǹkan bí ọdún 2000, ló ní bẹ́árìn onílà méjì, tó lágbára ju onílà kan tó rọ́pò rẹ̀ lọ. Méjèèjì ṣeé yọ pààrọ̀ nígbà tí wọ́n bá sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ láti pààrọ̀ clutch.

Ti 997 kò gba àlàyé púpọ̀. Ó jáde ní 2004, wọ́n dá ojú róbótó padà fún un, gbogbo èèyàn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ 996 ló wà nínú Carrera àkọ́kọ́ rẹ̀. Bẹ́árìn náà ti tóbi sí i, àmọ́ ẹ ò lè yọ ọ́ láìla ẹ́ńjìnì sí méjì, ògiri sílíńdà rẹ̀ náà sì máa ń ha. Àtúnṣe tó dé ní 2008 ló ní ẹ́ńjìnì tuntun tí kò ní ọ̀pá yẹn rárá. Ìyẹn ni ǹ bá ní kí wọ́n rà, owó ni kò jẹ́.

Èyí ni mo fi ní kí wọ́n wá 996 ti 1998 tàbí 1999, oníjíà ọwọ́, tí ìwé àtúnṣe rẹ̀ pé. Ti ọdún wọ̀nyẹn, tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń wà á, wáyà gidi ló so ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì, bíi ti ìjàpá. Kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́árìn àti clutch lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa tètè pààrọ̀ epo, kí wọ́n sì máa gbé e jáde dáadáa. Ọkọ̀ tó bá ń sùn sí gáráàjì ní gbogbo ìgbà ni bẹ́árìn rẹ̀ tún ń yá láti bàjẹ́.

Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù. "Ẹyin díndín ni kí n máa gùn kiri?"

"Dádì, inú rẹ̀ lẹ máa jókòó sí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa máa wo ojú rẹ̀."

"Kò ní dún bíi ti bàbá mi."

"Kò ní dún bẹ́ẹ̀ o, sà."

Wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí wọ́n tó pè. Wọ́n ti rí ọ̀kan ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wọn, ti 1999, aláwọ̀ fàdákà, ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tí eékún rẹ̀ kò gba clutch mọ́. Ẹni tó ni ín ti gbà kí mẹkáníìkì yọ fílítà epo, kó gé e, kó wò ó bóyá eérún irin ń dán nínú rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya fọ́tò fílítà náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.